Yàrá Màámi ní Kétu

Ọjọ́rú, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Láti oṣù tó kọjá ni Baálé ilé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bénin níbí, ti pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ wó ilé alámọ̀ tó wà láàárín agboolé, kí wọ́n fi bíríkì kọ́ òmíràn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ gidi. Kí ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan wá sọ tẹnu rẹ̀. Màámi ò béèrè iye tí a máa dá. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé àwa náà wà nínú àwọn tí ẹ ń pè?" Baálé rẹ́rìn-ín: "Àbí ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí?" Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ Màámi nínú. Wọn ò sùn dáadáa látìgbà náà, èmi náà ò sì sùn, nítorí yàrá kan náà la jọ ń sùn.

Ìdí ọ̀rọ̀ rèé. Ìyá tó bí bàbá Màámi wà lára àwọn tí ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní 1886, ọdún tí Ọba Glèlè fọ́ Kétu túútúú. Ọmọdébìnrin ni Ìyá Àgbà nígbà náà, kò tíì yọ ọmú. Wọ́n kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Nígbà tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ lọ́wọ́ Ọba Gbẹ̀hánzìn ní 1892, ọ̀nà là fún àwọn ará Kétu láti padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ìyá Àgbà wà lára àwọn tó padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sọ́hùn-ún. Nígbà tí Ìyá Àgbà fi máa wọ Kétu, ó pọn ọmọkùnrin kan, kò sì sọ ẹni tó ni ín fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ yẹn ló bí Màámi.

Ọ̀rọ̀ ò tán nílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀, bó jẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí pàápàá, ẹnìkan á fẹ̀yìn ti ògiri, á ní, "Ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀, kí ọmọ Àgbómẹ̀ dákẹ́." Bàbá Màámi gbọ́ ọ títí tí wọ́n fi kẹ́rù wọn wá sí Àjàṣẹ́. Màámi fúnra wọn gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá wọn lọ sin sí Kétu.

Lálẹ́ yìí a jáde lọ ra obì tí a máa mú dání. A gba ẹ̀gbẹ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá kọjá, èyí tí àwọn Àgùdà kọ́, tí àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé irú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rí ní Brazil ni wọ́n kọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni Màámi fi ń gba ibẹ̀. Lónìí wọ́n dúró. "Ẹrú ni wọ́n kó baba àwọn wọ̀nyí lọ, kọjá òkun. Wọ́n padà dé, wọ́n ń jẹ́ orúkọ Potogí, wọ́n di ọlọ́lá. Ta ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bi wọ́n pé ta ló lóyún wọn?" Ẹni tó ń ta obì gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó fún wa ní èènì.

Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà

Ìkóríta Wàńdó la ti wọ tàksí. Ẹni méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn, adìẹ nínú búùtù. Mo san owó ààyè méjì fún Màámi kí orúnkún wọn lè rí ibi nà sí. Awakọ̀ gba owó náà dúpẹ́, ó dé Ṣakẹ́tẹ́, ó ki ọmọ ilé ìwé kan sí ààyè tí mo rà.

Láti ibẹ̀ dé Ìpóbẹ̀, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì. Àwọn tó ń ta epo kpàyó, bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgò orí tábìlì wọn ti dín kù. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, epo ti wọ́n níbẹ̀, ó sì di dandan kó wọ́n níbí. Màámi sọ̀kalẹ̀ ní Ìpóbẹ̀, wọ́n ra àkàrà, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí. Rédíò awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa òmìnira, Màámi ní ọdún 1960 àwọn jáde sí títì Àjàṣẹ́ lọ jó, àwọn jó títí bàtà já. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá wọn bi wọ́n pé kí ni orúkọ orílẹ̀-èdè tuntun náà. Wọ́n ní Dàhòmì. Bàbá náà wò wọ́n. "Àwọn tó jó ilé ìyá mi, àwọn lo lọ jó fún?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ní òun ò rò ó rí. Èmi náà ò rò ó rí, bẹ́ẹ̀ a kọ́ ọ nílé ìwé pé 1975 ni Ààrẹ Kérékou yí orúkọ náà padà sí Bénin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni àwọn ará Kétu fi gbé ìwé tó ń pè wọ́n ní ọmọ Dàhòmì sápò. Bàbá Màámi ò gbé tó rí orúkọ kejì.

A dé Kétu lọ́sàn-án gangan, erùpẹ̀ pupa lára aṣọ gbogbo wa. Àwọn ìyàwó ilé jáde, wọ́n kúnlẹ̀ fún Màámi, wọ́n ń kì wọ́n. Oríkì náà dùn. Ó dé orí bàbá wọn, ó dúró. Ẹlòmíràn tó jẹ́ ọmọ ilé, wọ́n á kì í dé orí baba ńlá kẹrin. Màámi dúpẹ́, wọ́n fún wọn lówó, wọ́n wọlé lọ bọ́ bàtà.

Ọjọ́ Ẹtì, Kétu

Omi ni wàhálà àárọ̀. Orí òkè ni Kétu jókòó lé, omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Àwọn àgbà ní omi òjò ni wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò dè láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ omi wà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n garawa tí mo bá lórí ìlà pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ọmọbìnrin kan bi mí ní èdè Faransé bóyá mo wà lórí ìlà. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ojú tì í, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mo rò pé àlejò ni yín."

Lẹ́yìn oúnjẹ, Màámi ní kí a lọ kí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè odi àtijọ́ ìlú. Kí a lọ kí i ni wọ́n sọ, bí ẹni ń lọ kí àgbàlagbà ilé. Yàrà tó yí ìlú ká ṣì jìn níbẹ̀, igi ti hù nínú rẹ̀ débi pé o ò ní mọ̀ pé kòtò ni tí o kò bá súnmọ́ ọn. Ìtàn ní Alákétu Sà ló ní kí wọ́n mọ odi ìlú, òmìrán méjì ló sì gbẹ́ yàrà. Nígbà tí Àjàyí Crowther wá sí Kétu ní 1853, odi yìí wà ní ìdúró rẹ̀, ìlú kún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́.

Ọmọkùnrin tó ń mú àlejò kiri bi wá pé, "Ṣé Brazil lẹ ti wá?" Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ní Bàhíà, Kétu ni orúkọ ìdílé kan nínú àwọn tó ń sin òrìṣà títí dòní, ilé òrìṣà kan sì wà ní Salvador tó ń jẹ́ Alákétu. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ a máa wá wo ìlú tí wọ́n ń dárúkọ. Màámi ní, "Àjàṣẹ́ la ti wá." Ọmọ náà ní, "Háà, itòsí ni." Ó yí ohùn padà, ó dín owó rẹ̀ kù.

Ó fi ilẹ̀kùn hàn wá, ó sọ agbára tó wà lára rẹ̀, ó ní kò sí ọ̀tá tó lè fi ipá ṣí i. Màámi tẹ́tí dé ìparí. Wọ́n wá ní, "Ìyá àgbà mi wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà. Ó ní ebi ló ṣí i." Ọmọ náà ò mọ ohun tó máa sọ. Mo fún un lówó tó kọ́kọ́ pè.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Ìmẹ̀kọ dé. Ọ̀kadà ló gbé wọn gba Ìlárá wọlé, àpò ìdọ̀họ kan wà lórí itan wọn tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà ní 1889, Kétu bọ́ sí ìhà ibí, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ìhà ọ̀hún, ẹbí kan náà sì ni. Bàbá Ìmẹ̀kọ a máa pè wá ní "ẹ̀yin ará Faransé", Baálé a máa bi wọ́n pé náírà ṣì ń rà búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn.

Àwọn ará Àgbómẹ̀ ló dé kẹ́yìn. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà ni wọ́n, ọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọn ò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ kú" lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka yẹn máa tẹ Kétu nìyí, àwọn ọmọ ilé sì dúró ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ ìtòsí ti fi ọ̀kété méjì ránṣẹ́ sí Baálé láìmọ̀ pé ilé wa ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n ṣì wà lórí pèpéle, wọ́n fẹ́ fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Ọkùnrin ará Àgbómẹ̀ fẹ́ jókòó lórí pèpéle, ó rí ọ̀kété, ó dìde, ó sì fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó fi Fọ̀n, èdè àwọn ará Àgbómẹ̀, sọ nǹkan kan. Èdè Gùn tí mo gbọ́ ní Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí i. Ó ní, "Eléyìí ni àwọn àgbà wa ní a ò gbọdọ̀ fara kàn."

Baálé bi mí pé kí ni ó sọ. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí ọmọ kan tètè gbé ẹran náà kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kétu

Abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí. Baálé da omi sílẹ̀, wọ́n pa obì, wọ́n dárúkọ àwọn tó ti Àgbómẹ̀ padà wá ṣán igbó tó ti bo ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì. Wọ́n dárúkọ tán. Màámi wúkọ́. Ìyá Àgbà ò sí níbẹ̀.

Bàbá Ìmẹ̀kọ gba ọ̀rọ̀. Wọ́n ní baba ńlá àwọn ni àkọ́bí ilé yìí. Nígbà tó rí i pé ogun ń bọ̀, ó gbé igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilé, ó gba Ìlárá lọ. Ẹni tó gbé orí ilé lọ, òun ló nílé. Wọ́n tú àpò ìdọ̀họ. Orí obìnrin ni igi náà, ó wé gèlè, ejò méjì ń gé ara wọn jẹ lókè. Ó dára púpọ̀. Kétu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, UNESCO ti kọ ọ́ sínú àkójọ ogún aráyé láti 2008, nítorí náà kì í ṣe nǹkan kékeré láti tú irú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹbí. Ṣùgbọ́n mo wo ara igi náà dáadáa: ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun géètì ni wọ́n fi kùn ún. Ká ní baba ńlá wọn sá lọ pẹ̀lú igi kan, n ò rò pé èyí ni.

Ọ̀dọ́ kan láti Kétu ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ta ló ṣán igbó?" Ariwo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pariwo fún bíi wákàtí kan, n ò ní kọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo wọn gbà níkẹyìn pé yàrá iwájú méjì á jẹ́ ti àwọn tó padà, ọ̀kan á jẹ́ ti Ìmẹ̀kọ. Àbúrò Baálé wá ní, "Àwọn ará Àjàṣẹ́, ẹ ẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà ìyá lẹ gbà wọlé. Yàrá ẹ̀yìn lẹ́bàá ilé ìdáná tó yín." Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ohùn, n ò ní dárúkọ.

Màámi dìde. Mo ti mọ̀ láti Àjàṣẹ́ pé wọ́n ti to ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, nítorí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójú oorun.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí Alákétu Ẹ̀dẹ dé orí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ilẹ̀ ṣú, níbo ni wọ́n ti rí iná?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn, nítorí gbogbo ọmọ Kétu ló mọ̀ ọ́n.

"Ilé Ìyá Mẹ̀pẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé Yorùbá ni ìyá náà? Obìnrin Fọ̀n ni. Iná ọwọ́ obìnrin Fọ̀n ni wọ́n fi dá ìlú yìí, gbogbo Alákétu tó ń jẹ ló sì mọ ilé náà. Bí ẹ̀jẹ̀ Fọ̀n bá ń ba ọmọ jẹ́ ní Kétu, ẹ lọ pa iná yín, kí ẹ jẹ ẹ̀wà tútù."

Wọ́n jókòó. Àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìró bo ẹnu.

Obìnrin ará Àgbómẹ̀ fọwọ́ kàn mí, ó ní kí n sọ ohun tí Màámi wí fún òun. Mo sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń túmọ̀ ọ́.

Ó ní ìyá àwọn àgbà, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà tí ọ̀nà là, ìdí nìyẹn tí kò fi padà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ni ọmọ tí Ìyá Àgbà pọ̀n wá. Àgbẹ̀ ni. Kì í ṣe ọmọ ogun. Ó fẹ́ san ohun ìyàwó, kò mọ ẹni tó máa san án fún, nítorí àwọn tó yẹ kó gbà á ti túká. Nígbà tí Ìyá Àgbà ní òun ń lọ sílé, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ilé wo? Wọ́n ti jó o." Ó ní òun mọ ibi tó wà. Ọkùnrin náà sìn ín dé etí odò Wémè, ó gbé ọmọ fún un, ó padà. "Ní ilé tiwa," ni obìnrin náà wí, "bí ọmọbìnrin kan bá ń ṣe agídí, tí a pè é kó jókòó tí kò jókòó, a máa ń ní, 'Ìwọ náà ti fẹ́ máa lọ sí Kétu nìyẹn.'"

Mo túmọ̀ èyí náà. Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn.

Ẹni tí n kò retí ló fọhùn. Bàbá Ìmẹ̀kọ ń di igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọn padà sínú àpò. "Ọkọ ò lé e. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó pọn ọmọ," ni wọ́n wí. "Baba tèmi sá lọ. Kò padà. Èmi ò lè máa sùn ní yàrá iwájú kí ọmọ ẹni tó rìn padà máa fa èéfín ilé ìdáná símú." Nítorí gbólóhùn yìí, mo dárí ọ̀dà géètì jì wọ́n.

Baálé ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n mú obì wá sí i. Wọ́n da omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dárúkọ Ìyá Àgbà. Wọn ò mọ oríkì rẹ̀, Màámi ló ń sọ ọ́ fún wọn ní ìdajì ìdajì, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e. Àbúrò Baálé ti dìde lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀. Kò padà títí a fi tú ká, n ò sì rò pé ó gbà.

Ọjọ́ Àìkú, Kétu

Bíríkìlà dé kí àwọn tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì tó padà. Ó kan èèkàn, ó ta okùn. Yàrá iwájú di mẹ́rin dípò mẹ́ta, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré sí i, Bàbá Ìmẹ̀kọ sì ti ń ráhùn pé bẹ́ẹ̀dì àwọn ò ní wọlé. Ọ̀kẹ́ márùn-ún sẹ́fà ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa dá. Bàbá Ìmẹ̀kọ fẹ́ fi náírà san tiwọn. A jókòó ti kálúkúlétọ̀ fóònù títí ilẹ̀ fi ń gbóná, Baálé ní iye tí ọjà Kétu ń ṣẹ́ ẹ ni òun mọ̀, kì í ṣe iye orí fóònù.

Àwọn ará Àgbómẹ̀ ò gba yàrá. Wọ́n ní ibi tí àwọn máa tẹ́ ẹní sí bí àwọn bá wá ti tó, wọ́n sì fi ẹgbàárùn-ún sẹ́fà sílẹ̀ fún sìmẹ́ǹtì. Màámi ní ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí. Obìnrin náà kọ́ Màámi bí wọ́n ṣe ń sọ "ó dàárọ̀" ní Fọ̀n. Màámi sọ ọ́ bíi ará Àjàṣẹ́, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ojú ọ̀nà

Ọkọ̀ yá. Òjò pàdé wa lẹ́yìn Ìpóbẹ̀, ọ̀kan lára fèrèsé ọkọ̀ ò ṣe é pa dé, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. Màámi ti pe Baálé lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé Ṣakẹ́tẹ́. Èkíní, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi sìmẹ́ǹtì síta. Èkejì, wọ́n ní kí bíríkìlà gbé fèrèsé yàrá àwọn kọjú sí àgbàlá, kì í ṣe sí títì. Àwọn fẹ́ máa rí ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Baálé ní ó máa gba bíríkì sí i. Màámi ní, "Mélòó?"